Ìwé Orúkọ Ẹnu Ọ̀nà Bàbá Mi

                                        Ilé Ọ̀ṣúndáre,
                                        Ìlódè,
                                        Ilé-Ifẹ̀,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

                                        Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kejì, 1992.

Bàrákàt, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ Abdulwaheed ńkọ́? Sùmáyà ọmọ wa ńkọ́, ṣé eyín tó ń hù ti wá jẹ́ kí ẹ̀yin òbí rẹ̀ fojú kan oorun? Ará Àbújá, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku, ẹ kú ilé tuntun. Mo gbọ́ pé ilé tí ìjọba fún yín kò tíì ní omi ẹ̀rọ, pé ọkọ rẹ ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì káàkiri ní àárọ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ fẹ́ bá ìjọba kó lọ. Àwa náà wà níhìn-ín, a ò ráhùn. Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá mi ti fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ní kí n kí ọ, pé ṣé o ti ń jẹun dáadáa, àbí tùwó ni wọ́n fi ń bọ́ ọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló mú un wá láti Ẹdúnàbọ̀n, ó sì dúró títí mo fi kà á tán, ó ní kí òun lè mọ̀ bóyá o bú òun nínú rẹ̀. O ní ohun méjì lo fẹ́ gbọ́. Èkíní, pé iyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yín lórí àwọn ilé tí àwọn olórí ìjọba wa ti gbé kí wọ́n tó dé abẹ́ àpáta Asò, pé kí n bá yín bi Bàbá mi tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èkejì, pé báwo ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ èmi àti Kọ́lápọ̀ ṣe lọ, tí mi ò fi fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ láti ọjọ́ náà. Bàrákàt, ojú ló ń tì mí. Àmọ́ kò sí bí mo ṣe lè dáhùn ọ̀kan kí n má dáhùn èkejì, torí ilé ìjọba tí ẹ ń jiyàn lé lórí yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi.

O rò pé o mọ Bàbá mi. Bàbá tó máa ń wá lọ́dún Kérésìmesì lo mọ̀, tí wọ́n máa ń gbé bisikíìtì alágolo wá, tí wọ́n á fi ọjọ́ mẹ́ta bá gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á sì padà sí Èkó kí ẹnikẹ́ni tó bá wọn jà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe sítúwọ́ọ̀dù ní ilé olórí ìjọba. Nígbà tí ìjọba kó lọ sí Àbújá ní oṣù Kejìlá, wọ́n ní kí Bàbá máa bọ̀ lọ́hùn-ún. Bàbá ní ẹni tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ létí omi kò lè lọ parí rẹ̀ lábẹ́ àpáta. Wọ́n kọ̀wé fẹ̀yìn tì, wọ́n di ẹrù wálé. Ìyá mi fi ọjọ́ mẹ́ta dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n bi mí bóyá lóòótọ́ ni kò sí àyè sítúwọ́ọ̀dù kankan mọ́ ní Àbújá.

Ṣé o rí i, Bàbá wálé ni, ilé ìjọba kò jáde lára wọn. Wọ́n ń lọ ìwé ìròyìn ní áyọ́ọ̀nù kí wọ́n tó kà á. Wọ́n ń to fọ́ọ̀kì sí apá òsì àwo iyán. Agogo ló ń pè wá síbi oúnjẹ, nínú ilé oníyàrá mẹ́rin. Gbogbo èyí ni mo fara dà. Èyí tó wá ga jù ni ìwé orúkọ. Ìwé ńlá kan ni, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ó le bíi pákó. Ìdúmọ̀tà ni wọ́n ti fi owó ara wọn rà á, mo sì ń tètè sọ ọ́ nítorí àwọn aládùúgbò ti ń sọ láàárín ara wọn pé ìjọba ló ni ín. Wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i: Orúkọ. Ibi tí ẹ ti wá. Ohun tó gbé yín wá. Ìgbà tí ẹ dé. Ìgbà tí ẹ lọ. Ìfọwọ́sí. Wọ́n gbé tábìlì kékeré sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé ìwé lé e, wọ́n fi bíró tì í, wọ́n sì gbé pádì ínkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ.

Ìyá Àlàní tó wà ní ilé kejì wá yá ọmọ odó, ó tẹ ìka. Ó wá dá ọmọ odó padà, ó tún tẹ ìka. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun ti ra ọmọ odó tòun. Ọkùnrin oníná wá pé òun fẹ́ gé iná wa. Bàbá ní kí ó kọ ohun tó gbé e wá. Ó kọ ọ́ pé, láti gé iná. Bàbá kà á, wọ́n wò ó látòkèdélẹ̀, wọ́n ní níbi tí àwọn ti ń bọ̀, ẹni tó bá kọ irú nǹkan báyìí kì í kọjá géètì. Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ yẹn nìkan ni Ìyá mi yin ìwé náà.

Kọ́lápọ̀ tèmi, tíṣà ìṣirò tí mo sọ fún ọ, fọwọ́ sí i nígbà mẹ́tàdínlógún. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ ó kọ ọ́ pé òun wá dá ìwé padà. Nígbà kejì, òun wá gba ìwé tí òun dá padà. Nígbà tó yá kò rí irọ́ pa mọ́, ó kàn ń kọ ọ́ pé "Mojíre", ó tán.

Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí. Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni, èmi jẹ́ ọmọ Ifẹ̀. Láàárín ìlú méjèèjì yìí, ọ̀rọ̀ ta ló ni ilẹ̀, ta ló ń dáko lórí ilẹ̀ ta, ta ló yẹ kó máa san ìṣákọ́lẹ̀, kò tíì tán láti ayé àwọn bàbá ńlá wa. Nígbà ìjà ọdún 1981, iná jó ilé tí Bàbá mi ń kọ́ lọ́wọ́, iná sì jó àká kòkó tiwọn náà lọ́hùn-ún. Láti ọjọ́ náà Bàbá mi ò tẹ Mọdákẹ́kẹ́ mọ́. Odidi ọdún méjì ni èmi àti Kọ́lápọ̀ fi bẹ̀ wọ́n lọ́tùn-ún lósì. Bàbá tó bí Kọ́lápọ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Abdulwahab Àjàgbé, àgbà àgbẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ni olórí ẹbí wọn. Bàbá Àjàgbé ní òun gbọ́, òun á wá, ṣùgbọ́n ìrìn kan ṣoṣo ni òun máa rìn wá sí Ifẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá yọrí, ó yọrí. Bí kò bá yọrí, kí Kọ́lápọ̀ lọ fẹ́ ará Ìkìrun. Mo sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Bàrákàt, mi ò ní ìrìn kejì láti fi ṣeré.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù yìí, ni wọ́n wá. Ìyá mi ti gún iyán láti àárọ̀, ó funfun, ó rọ̀, ó ń gbóná fẹlifẹli. Mo wà nínú yàrá, mo ń yọjú láti ojú fèrèsé. Mo rí i tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àgbà méje, Kọ́lápọ̀ ìkẹjọ, gbogbo wọn wọ agbádá. Inú mi dùn. Ìgbà tí mo wo ẹnu ọ̀nà wa, inú mi bà jẹ́. Bàbá mi, tó yẹ kí wọ́n jókòó sí pálọ̀ bíi bàbá ìyàwó, ti wọ kóòtù funfun ilé ìjọba, bọ́tìnì idẹ rẹ̀ ń kọ mọ̀nà, wọ́n dúró ṣánṣán ti tábìlì, wọ́n fi ọwọ́ sẹ́yìn. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò lórí ìjókòó. Ìdúró nìkan ni wọ́n mọ̀.

Àwọn àgbà kò mọ̀ wọ́n rí. Ẹni tó wọ kóòtù bọ́tìnì idẹ, tó dúró ti ìwé ńlá àti pádì ínkì, kí ni wọ́n fẹ́ pè é bí kò ṣe akọ̀wé ilé ẹjọ́? Bàbá Àjàgbé kí wọn tán, wọ́n bi wọ́n léèrè ibi tí bàbá ìyàwó wà. Kàkà kí Bàbá mi sọ pé èmi nìyí, wọ́n tẹrí ba díẹ̀, wọ́n ní kí àwọn àgbà jọ̀wọ́ kọ orúkọ wọn, kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti wá àti ohun tó gbé wọn wá, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ ìka. Bàbá Àjàgbé ní ìwé kí ni. Bàbá mi fi ohùn ilé ìjọba dáhùn pé, gbogbo ẹni tó bá máa fi ẹsẹ̀ tẹ ibí yìí ló ní láti fọwọ́ sí i.

Ha, Bàrákàt, ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ará Mọdákẹ́kẹ́ ní ojú títì Ifẹ̀! Mo rí i tí gbogbo agbádá méje fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Wọ́n ní ọmọ ni wọ́n fi tan àwọn wá, kí àwọn lè wá tẹ ìka síwèé pé orí ilẹ̀ Ifẹ̀ ni àwọn ń gbé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Àjàgbé rí, kí n má purọ́ mọ́ wọn. Nígbà kan ẹnì kan gbé ìwé wá fún wọn pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìka, pé ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbúròó ìwé náà, ààlà oko wọn ti yẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ti búra láti ìgbà náà pé ìka àwọn ò ní kan ínkì mọ́ títí àwọn á fi kú.

Kọ́lápọ̀, tí kò yẹ kí ó sọ̀rọ̀ rárá lọ́jọ́ náà, fẹ́ gba ọ̀rọ̀ là. Ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù, pé òun náà ti fọwọ́ sí i. Ó ṣí ìwé, ó ń fi hàn wọ́n lójú ewé: òun nìyí, òun tún nìyí, òun náà nìyí. Bàbá Àjàgbé ní ìgbà mélòó. Ó ní mẹ́tàdínlógún. Bàbá Àjàgbé fọwọ́ lérí. Wọ́n ní àká kòkó kan ni ìjà gbà lọ́wọ́ àwọn, ọmọ yìí nìkan ti fọwọ́ sí mẹ́tàdínlógún.

Wọ́n kọ̀, wọn ò wọlé. Wọn ò sì lọ, torí awakọ̀ tó gbé wọn wá ti wá epo lọ. Wọ́n jókòó sórí gọ́tà wa, àgbà méje, agbádá wọn ń gbá ilẹ̀. Bàbá mi náà kọ̀, wọn ò lè jẹ́ kí ènìyàn wọlé láìfọwọ́ sí i. Ẹsẹ̀ wọn ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará Ìlódè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde. Ìyá mi wá láti ilé ìdáná, wọ́n wo ìta, wọ́n wo ìwé, wọ́n wo ọkọ wọn.

"Bàbá Mojíre," ni Ìyá mi wí, "ṣé ìwé lẹ bí ni, àbí ọmọ?"

Èmi tí mo wà nínú yàrá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò ní tàn ọ́. Mo rí ara mi ní ọmọ àádọ́ta ọdún, tí mò ń lọ ìwé ìròyìn fún Bàbá.

Ọ̀rọ̀ Ìyá mi ló tú Bàbá lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé ìwé náà, wọ́n jáde síta, wọ́n ní àwọn ni Ọ̀ṣúndáre, àwọn ni bàbá ìyàwó, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ṣàlàyé. Àwọn àgbà wo ara wọn. Ìtìjú mú wọn díẹ̀ pé bàbá ìyàwó ni wọ́n ń pè ní akọ̀wé ilé ẹjọ́, torí náà wọ́n ní kí ó máa wí.

Ìwọ lo ní o fẹ́ mọ ìtàn ilé ìjọba, àbí? Ìtàn tí wọ́n sọ lórí gọ́tà nìyí, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì yín. Ayé Òyìnbó ni Bàbá ti mú un. Wọ́n ní àwọn gómìnà Òyìnbó ló gbé ilé Marina kalẹ̀ sí etí ọ̀sà l'Ékòó, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn, kí ojú wọn sì lè máa wà lára ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé wọn padà sílé. Wọ́n ní ẹni tó bá wá kí gómìnà kì í sábà rí i. Orúkọ ló máa ń kọ sínú ìwé lẹ́nu géètì, ìkíni ti dé nìyẹn. Bàbá Àjàgbé ní kí ló kan àwọn nínú ọ̀rọ̀ Òyìnbó. Bàbá mi ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ó ń bọ̀ níbẹ̀. Wọ́n dé 1960, àsíá Òyìnbó sọ̀kalẹ̀, tiwa gòkè, ìwé orúkọ ò kúrò níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gba Bàbá síṣẹ́. Wọ́n dé 1963, a ní ààrẹ tiwa, Marina náà ni ilé rẹ̀. Ìyá mi ní iyán ńkọ́. Bàbá ti dé 1966. Ṣọ́jà gbàjọba, nígbà tó sì yá, olórí ìjọba kó kúrò létí ọ̀sà lọ sí Dódánù Bárékì ní Ọbáléńdé. Bàbá ní orúkọ ibì kan ní Bọ́mà ni wọ́n fi sọ bárékì náà, níbi tí àwọn ọmọ ogun wa ti jà nígbà ogun Hítílà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà orí gọ́tà ní ẹ̀gbọ́n òun náà lọ sí Bọ́mà. Inú Bàbá dùn gan-an, ni àwọn méjèèjì bá gba Bọ́mà lọ, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó rántí pé èmi ni wọ́n bá wá.

Bàbá ní nígbà tí àwọn dé Dódánù, ṣọ́jà oníbọn ló ń bi ènìyàn léèrè orúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀. Ṣọ́jà ń béèrè kí ó lè mọ ẹni tí yóò lé. Ìwé ń béèrè kí onílé lè mọ ẹni tó kí òun. Alágbádá dé, alágbádá lọ, ṣọ́jà tún dé. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá ìjọba kó lọ sí abẹ́ àpáta Asò. Torí náà sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì yín pé Marina ló ṣáájú, Dódánù ló tẹ̀ lé e, tiyín ló kẹ́yìn, ẹ sinmi ariwo.

Bàbá dé ibẹ̀ tán, mo rò pé ó parí. Wọ́n wá sọ ohun tí èmi ọmọ wọn ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

"Ojoojúmọ́ láyé ni mo ń ṣí ìwé yẹn, tí mo ń nu ẹnu bíró rẹ̀ nígbà tí mo wà ní Marina," ni Bàbá wí. "Ọba kọ orúkọ síbẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù kọ, lèmọ́mù kọ, ẹni tó wá tọrọ iṣẹ́ kọ. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé orúkọ tèmi ńkọ́. Òyìnbó tó gbà mí síṣẹ́ ní Ọ̀ṣúndáre gùn jù, ó ní Sunday ni òun máa pè mí. Ó lọ. Àwọn tiwa tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí Ọ̀ṣúndáre kò gùn jù lẹ́nu wọn, Sunday náà ni wọ́n pè mí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo wá ní bí mo bá dé ilé ara mi, ẹni tó bá yà síbẹ̀, bó jẹ́ iyọ̀ ló wá tọrọ, orúkọ rẹ̀ á wà lákọsílẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ ẹnikẹ́ni ni mò ń wá."

Ìyá Àlàní tó wá wòran ń fi gèlè nu ojú. Èmi náà ti kúrò lójú fèrèsé, mo ti dé ẹnu ọ̀nà láìmọ̀. Mo ti ń bínú sí ìwé yẹn láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, àánú Bàbá mi wá ṣe mí.

Bàbá Àjàgbé na ọwọ́, wọ́n gba ìwé náà, wọ́n ṣí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n bi Bàbá mi pé níbo ni orúkọ tiwọn wà níbẹ̀. Bàbá ní kò sí, onílé kì í kọ orúkọ sí i. Bàbá Àjàgbé pa ìwé dé.

"Ìwé tí onílé ò lè fọwọ́ sí," ni wọ́n wí, "àlejò ò lè fọwọ́ sí i."

Ọ̀rọ̀ ṣòro. O ò mọ ohun tí wọ́n ní kí Bàbá ṣe yẹn. Ká ní wọ́n ní kí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò ní ọjà, ìyẹn ì bá rọrùn. Àmọ́ wọ́n wò mí níbi tí mo dúró sí, ojú mi ti wú, wọ́n sì mú bíró. Bàbá Àjàgbé ní bíró kọ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀wé, ìka ni tàwọn, ìka náà ni kí àna àwọn lò. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni ìwé náà fẹ́ gbà, kí ó jọ gba ti àwọn méjèèjì.

Bàbá mi, Bàrákàt! Bàbá tí ìwé kíkọ wọn dára bí ìwé ìtẹ̀wé, tí wọ́n ti fi ìwé kíkọ náà yangàn sí Ìyá mi láti ọdún tí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí wọn! Wọ́n ki àtàǹpàkò bọ ínkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sójú ewé, wọ́n sì gbàgbé ara wọn, wọ́n fi ìka náà nu kóòtù funfun. Ìyá mi kígbe. Bàbá ò tilẹ̀ wo kóòtù. Bàbá Àjàgbé wò wọ́n títí, wọ́n ní "Bìsìmílà", wọ́n ki tiwọn náà bọ ínkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Wọ́n ní kí Kọ́lápọ̀ tó fẹ́ràn ìfọwọ́sí ju gbogbo ayé lọ kọ ohun tó gbé wọn wá, kí ó kọ ọ́ pé ọmọ ni àwọn wá tọrọ, kí ó má fi nǹkan kan kún un. Ni ẹ̀rín bá sọ. Àwọn àgbà mẹ́fà yòókù tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń ti ara wọn nídìí ínkì, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Bọ́mà tẹ ìka lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n òun.

Wọ́n wọlé, wọ́n tọrọ mi, wọ́n rí mi gbà. Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́; iyán wákàtí méjì ọjọ́ náà ò jó ẹnikẹ́ni. Wọ́n jẹ ẹ́ tán bẹ́ẹ̀ náà. A fi ìgbéyàwó sí ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, tí ẹ̀yin yóò ti ṣe ìtúnu ààwẹ̀ tán, tí àwa náà yóò ti ṣe Àjíǹde. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Bàbá Àjàgbé dúró ní ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi ń mú ìwé wá pé kí àwọn kọ ìgbà tí wọ́n lọ. Bàbá Àjàgbé fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn.

"Ọ̀ṣúndáre," ni wọ́n wí, "bí o bá dé ilé mi ní Mọdákẹ́kẹ́, má wá ìwé kankan lẹ́nu ọ̀nà. Wọlé. A ti mọ̀ ọ́."

Ọdún kọkànlá rèé tí Bàbá ò tẹ Mọdákẹ́kẹ́, mo sì rò pé wọ́n máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fò kọjá ni. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, wọn ò mẹ́nu bà á. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá yìí, wọ́n wẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò, wọ́n mú agbòòrùn, wọ́n ní àwọn fẹ́ nasẹ̀. Kọ́lápọ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní Bàbá dé ẹnu ọ̀nà àwọn, wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n fi ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń retí ẹni tó máa wá kéde pé wọ́n ti dé. Kò sí ẹni tó wá kéde nǹkan kan. Àwọn ìyàwó ilé ń kọjá, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n rò pé òṣìṣẹ́ kánsù tó wá wo ìmọ́tótó ni, wọ́n yára lọ gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí Bàbá Àjàgbé ti mọ́ṣáláṣí Jímọ́ọ̀ dé ni wọ́n bá wọn lórí ìdúró. Wọ́n ní ta ló dá wọn dúró. Bàbá ní kò sí. Bàbá Àjàgbé mú wọn lọ́wọ́, wọ́n fà wọ́n wọlé, wọ́n sì kígbe sí gbogbo agboolé pé Ọ̀ṣúndáre dé o. Kọ́lápọ̀ ní Bàbá jẹun, wọ́n mu omi, wọ́n sì sùn lọ lórí àga, ẹnu wọn là sílẹ̀. Bàbá mi, tí wọn kì í jókòó níbi tí àlejò bá wà!

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wálé. Wọ́n pè mí sí pálọ̀, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni mò ń lọ sílé ọkọ gan-an. Mo ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, àwọn fúnra wọn ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ó ti jìnnà jù.

"Tètè máa lọ, Mojíre," ni Bàbá wí. "Èmi náà fẹ́ ní ilé tí mo máa yà sí."

Bá mi kí Abdulwaheed, bá mi fẹnu ko Sùmáyà lẹ́nu, kí ẹ sì tètè gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, torí mi ò ní í gba àwáwí Àbújá kankan. Ìyá mi kí yín, Kọ́lápọ̀ kí yín, Bàbá náà ní kí n kí yín dáadáa. Ọlọ́run á jẹ́ ká fi ayọ̀ rí ara wa.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,

Mojíre Ọ̀ṣúndáre